Omi Òjò tó Di Omi Òkun

Gbéminíyì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kẹ́mísírì ní yunifásítì kan ní Benin. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìtùnú, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ń ta bàtà ní Iyaro, ló gba yàrá sí ní Oregbeni. Omi òjò ni wọ́n ń lò nínú ilé náà. Orí páànù ló ti ń ṣàn wọ inú kànga oníkọnkéré tó wà lẹ́yìnkùlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ìtùnú fi omi náà rẹ gàrí, ó sì tu ú dànù.

"Gbéminíyì, ìwọ tó mọ̀ nípa kẹ́míkà, bá mi yẹ omi yìí wò. Wọ́n ti da iyọ̀ sí i."

Gbéminíyì bu díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e lọ sí láàbù. Ó wọn àádọ́ta mìlílítà, ó gbé e ka iná títí ó fi gbẹ, iyọ̀ funfun sì ṣẹ́kù sísàlẹ̀ àwo. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 1.9. Ó sọ ọ́ di ìlọ́po ogún kó lè mọ iye tó wà nínú lítà kan: gíráàmù méjìdínlógójì.

Kànga náà gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún lítà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ dà báyìí yóò ru nǹkan bí àpò iyọ̀ ńlá mẹ́rin wọlé, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ Ìyá Ìtùnú nìkan ni kọ́kọ́rọ́ ìdérí rẹ̀ wà.

Omi òkun Èkó pàápàá kò níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òkun kan tí iyọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ló wá sí i lọ́kàn, èyí tó wà láàárín Líbíà àti Ítálì. Láti ìgbà tí Ìtùnú, ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin náà bí, ti pè láti Líbíà pé àwọn fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Gbéminíyì tún omi náà wọ̀n. Kò yí padà.

Nígbà tó délé, Ìyá Ìtùnú ti ń dúró dè é lẹ́bàá kànga.

"Irú iyọ̀ wo ni?"

"Ó dà bíi ti òkun, mà."

"Òkun wo?"

Gbéminíyì kò lè purọ́ fún un. "Èyí tí wọ́n ń là kọjá láti Líbíà, mà."

Obìnrin náà ṣí ìdérí. Òórùn ẹja tú jáde, omi náà sì ń ru sókè sódò, bẹ́ẹ̀ ewé kan kò mì lórí igi.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ìtùnú, mo ti gbọ́. Máa lọ sinmi, ọmọ mi."

Omi náà pa rọ́rọ́. Ìgbà náà ni ẹkún tó ti gbé mì látọjọ́ yìí bú jáde. Gbéminíyì dì í mú títí àwọn ará ìjọ obìnrin náà fi dé.

Wọ́n fa omi náà dànù, òjò sì tún kún kànga. Gbogbo ilé ní ó dùn. Gbéminíyì ṣì ń gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n omi inú ọ̀rá ló ń rà mu.