Okùn Tí Wọ́n Yọ Nínú Ètò Ọ̀nà

Obìnrin tó ń ṣètò iṣẹ́ fún kọ̀ngílá ọ̀nà ńlá ló ti àbúrò ìyá rẹ̀ mọ́ inú àdúgbò, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ṣe é.

Kì í ṣe pé ó burú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kọ̀ngílá tó bá gba iṣẹ́ ọ̀nà lọ́wọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ìwé ètò wá: iṣẹ́ wo ni yóò ṣáájú, èwo ni yóò tẹ̀lé e, ọjọ́ wo ni gbogbo rẹ̀ yóò parí. Tí ẹnjiníà ìjọba bá ti lu òǹtẹ̀ sí i, ìwé náà ti di òfin nìyẹn. Iṣẹ́ tí kò bá sí nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe é. Tí wọ́n bá fẹ́ yí i padà, wọn yóò mú òmíràn wá, òun náà yóò sì gba òǹtẹ̀. A kò lè bá ìjọba wí. Àwọn kọ̀ngílá kan ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ rí, wọ́n sì sá lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń so iṣẹ́ kan mọ́ èkejì. Okùn ni wọ́n ń pè é. Tí okùn bá wà láàárín kọnkéré àti ohun tí wọ́n fẹ́ gbé lé e lórí, kò sẹ́ni tó lè gbé nǹkan lé e kó tó gbẹ. Obìnrin yìí ló ń so okùn, òun ló ń tú u. Aṣètò ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè é.

Inú kọ̀ńténà ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Fèrèsé kan ṣoṣo tó ní kò ṣeé ṣí, nítorí wọ́n gbé táǹkì omi tì í láti ìta. Fáànù kan wà níbẹ̀ tó ń ti afẹ́fẹ́ gbígbóná láti igun kan lọ sí igun kejì.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́, tí wọ́n sọ ní Kíákíá, wá dúró sẹ́yìn àga rẹ̀ nígbà tí ìwé ètò àkọ́kọ́ ku díẹ̀ kó jáde.

"Ìgbà wo ló parí sí?"

"Ó kọjá ìgbà tí wọ́n fún wa, sà."

"Wọn ò ní gbà á."

"Mo mọ̀ pé wọn ò ní gbà á."

"Tó o bá mọ̀, kí lò ń wò? Gé e."

"Kí ni kí n gé, ọ̀gá? Ṣé kí n lọ bẹ kọnkéré pé kó yára gbẹ ni?"

"Fi kọnkéré sílẹ̀. Bàbá Òǹtẹ̀ mọ kọnkéré ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Wá nǹkan kékeré tí ojú ẹ̀ ò ní tó."

Ẹnjiníà ìjọba ni Bàbá Òǹtẹ̀.

Nǹkan kékeré náà wà. Àdúgbò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ńlá tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. Odò ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Gọ́tà ńlá yóò gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá, Aṣètò sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ la ọ̀nà ìgbà díẹ̀ fún àwọn ará ibẹ̀ kí katapílà tó gbẹ́ ohunkóhun. Okùn kan ló so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Tó bá yọ okùn náà, kí méjèèjì jọ máa lọ, gbogbo ètò yóò kúrú, yóò sì parí sí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́.

Ó mọ àdúgbò náà. Ibẹ̀ ló dàgbà sí, lọ́wọ́ àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń yan búrẹ́dì. Ìyá tó bí i kú kó tó mọ ojú rẹ̀. Ìdí ààrò búrẹ́dì ló ti kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé, iyẹ̀fun ni wọ́n sì tà tí wọ́n fi rán an lọ sílé ẹ̀kọ́.

Ó yọ okùn náà. Ó ní òun yóò tún un so nínú ìwé oṣù tó ń bọ̀, torí oṣooṣù ni wọ́n ń mú ìwé wá láti fi ibi tí iṣẹ́ dé hàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń ṣe. Kí òǹtẹ̀ kọ́kọ́ wọlé ná, tó bá yá a ó tún un ṣe. Ó rò pé gọ́tà kò lè tètè dé ibẹ̀.

Bàbá Òǹtẹ̀ lu òǹtẹ̀.

Ẹ̀rọ bàjẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, òkúta tí wọ́n fẹ́ fi la ọ̀nà ìgbà díẹ̀ kò sì dé. Ní ti àwọn onígọ́tà, ilẹ̀ rọ̀ fún wọn. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà àdúgbò ṣáájú ẹni tó yẹ kó ṣáájú wọn. Wọ́n wo inú ìwé, wọn kò rí ohun tó ní kí wọ́n dúró. Wọ́n gbẹ́ ẹ.

Fóònù dún láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń pè ní Màmá, ló pè.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Káàárọ̀ kọ́, kòtò ni. Mo gbé búrẹ́dì jáde, mo bá kòtò tí erin lè sùn sí. Ṣé ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ẹ?"

"Àwa ni, mà."

"Ọ̀nà tá a máa gbà ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀, Màmá."

"Ó dáa. Mo ti sọ fún wọn pé ọmọ mi ló ń ṣètò níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ fọkàn balẹ̀."

Nígbà tó dé ibẹ̀, àwọn ará àdúgbò ti tẹ́ pákó méjì sórí kòtò náà. Ọkọ̀ iyẹ̀fun dúró ní òdìkejì, kò lè wọlé. Màmá ń bu iyẹ̀fun sínú agbada, ó ń rù ú kọjá. Obìnrin kúkúrú ni, apá rẹ̀ le bí igi nítorí pípo iyẹ̀fun.

"Bí adìẹ àkọ́wọ̀lú ni mo ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lórí pákó yìí," ó ń rẹ́rìn-ín. "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Bá mi gbé e."

Télọ̀ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jáde síta. "Ọ̀gá onímọ̀, ṣé ẹ wá tú wa sílẹ̀ ni? Àwọn oníbàárà mi ti gbàgbé pé mo wà láyé."

"Fi ọmọ mi sílẹ̀," ni Màmá wí. "Ó mọ ohun tó ń ṣe. Àbí, ìgbà wo ni wọ́n máa la ọ̀nà yẹn?"

"Oṣù tó ń bọ̀, mà."

"O gbọ́ tẹnu ẹ̀? Oṣù tó ń bọ̀."

Aṣètò padà sínú kọ̀ńténà, ó so okùn náà padà. Bó ti so ó, tí gọ́tà wá ń dúró de òkúta, ni ìparí iṣẹ́ fò kọjá ààlà. Ó tú u, ó padà sáàyè. Ó tún so ó. Ó ń ṣe é títí ojú fi ń ta á.

Ó lọ bá oníwẹ́dà ilé iṣẹ́. Ìyẹn ní òun lè jó irin pọ̀ di afárá kékeré kó tó di ọ̀sán. Kíákíá gbọ́, ó sáré wá.

"Iṣẹ́ tí kò sí nínú ètò! Tẹ́nì kan bá ṣubú lórí ẹ̀, ta ni wọ́n máa mú?"

"Wọ́n á ṣubú lórí pákó náà, sà."

"Pákó ò kàn wá. Àwọn ló tẹ́ ẹ."

Ó wá lọ bá Bàbá Òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Bàbá, àṣìṣe kan wà nínú ìwé wa."

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni, sà."

"Kò burú. Mú òmíràn wá. Àmọ́ ìparí rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá. Tó bá kọjá, màá dá a padà, iṣẹ́ á sì dúró títí tí ẹ ó fi mú èyí tó dáa wá."

"Tí iṣẹ́ bá dúró, kòtò á wà níbẹ̀."

"Á wà níbẹ̀."

"Tí iṣẹ́ ò bá dúró ńkọ́, sà?"

"Á wà níbẹ̀ náà, àmọ́ ẹ ó máa ṣiṣẹ́ lọ." Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ún. "Ọmọ mi, èmi kọ́ ni mo kọ òfin. Èmi náà lẹ́ni tó ń lu òǹtẹ̀ lé mi lórí."

Nígbà tó padà dé, Kíákíá ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ńténà. Kò pariwo. Ó kàn nawọ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ tó jókòó sábẹ́ ìbòòji ọkọ̀, tí wọ́n ń jẹun. "Tó o bá fi èyí tó kọjá ọjọ́ ránṣẹ́, gbogbo àwọn yìí á lọ jókòó sílé. Ìwọ lo máa sọ fún wọn."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Táǹkì omi ló dí ojú fèrèsé. Ìwé méjì ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan ní okùn, èkejì kò ní. Ó fi èyí tí kò ní okùn ránṣẹ́.

Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Pákó ń yọ̀. Màmá ń ru iyẹ̀fun bọ̀ láàárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó sì bọ́ sínú kòtò tòun ti agbada. Ọkọ̀ kankan kò lè wọlé gbé e. Télọ̀ yọ ilẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀, wọ́n tẹ́ Màmá sórí rẹ̀, àwọn ọkùnrin sì rìn nínú ẹrẹ̀ tó mù wọ́n dé ìbàdí kí wọ́n tó gbé e dé òdìkejì. Iyẹ̀fun tó bò ó lójú ti di lẹ́ẹ̀.

Egungun ìbàdí ló kán.

Nígbà tí Aṣètò wọ yàrá ilé ìwòsàn, Màmá ṣí ojú.

"Ṣé o sọ fún wọn pé a ò rọ́nà gbà?"

"Mo sọ fún wọn, Màmá."

"Kí ni wọ́n wí?"

Aṣètò ń tún ìrọ̀rí tí kò bàjẹ́ tò.

"Ó dáa," ni Màmá wí. "Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ. Má jẹ́ kí wọ́n bá ọ wí nítorí mi."

Ọ̀nà ńlá náà parí lọ́jọ́ tí ìwé wí. Bàbá Òǹtẹ̀ lu òǹtẹ̀ ìkẹyìn, Kíákíá sì bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. Gọ́tà ní ọmọrí báyìí, ẹnu ọ̀nà àdúgbò fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọkọ̀ iyẹ̀fun méjì lè wọlé lẹ́ẹ̀kan. Òjò ti ba ààrò búrẹ́dì jẹ́ níbi tí kò sẹ́ni tó dáná sí i, ẹ̀gbẹ́ kan ti ya lulẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Aṣètò ni Màmá wà, lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Ó ṣì ń jí ní ìdájí tó máa ń po iyẹ̀fun tẹ́lẹ̀. Ó máa ń ní kí wọ́n gbé òun jókòó sẹ́bàá fèrèsé, apá rẹ̀ tó ti rọ̀ á wà lórí itan rẹ̀, á sì máa wo ọ̀nà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e gun àtẹ̀gùn yẹn, kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ìta.