Àríyọ̀ Lọ Èkó, Kọ̀ǹpútà Alhaja Fẹ̀yìntì

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ọ̀gá wa, Àríyọ̀, lò l'Ékòó, ṣùgbọ́n ẹni tó lọ kọ́ ló padà wá sí Ìsẹ́yìn. Ìpàdé ńlá ló lọ ṣe, ti àwọn tó ń bá iléeṣẹ́ tọ́jú kọ̀ǹpútà lóṣooṣù. Káàdì tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn níbẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́, ó gbé e kọ́rùn lọ kírun Jímọ́ọ̀.

"Waheedat," ó ní, "ká máa dúró dìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ká tó tún un ṣe, ó ti parí. Àwọn tó lajú, wọ́n á ti rí i láti òkèèrè, wọ́n á sì ti tètè sọ fún oníbàárà."

Mo ní, "Ọ̀gá, ní Ìsẹ́yìn níbí?"

"Ìsẹ́yìn ò sí nínú ayé ni?"

 Oníbàárà olóṣooṣù kan ṣoṣo la ní, ilé ìwé Alhaja Sàfúrátù lọ́nà Ọkàká. Tí Alhaja bá fi lè já wa sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù parí nìyẹn, èmi á padà sóko iṣu bàbá mi l'Ágọ̀-Àmọ̀dù. Ẹ sì wò mí dáadáa, ṣé mo jọ ẹni tó lè kọ ebè?

Bẹ́ẹ̀ lọ̀gá lọ fi ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà sínú gbogbo ẹ̀rọ ilé ìwé náà, ká lè máa rí wọn láti ṣọ́ọ̀bù. Àárọ̀ Mọ́ńdè, àmì pupa yọ lójú kọ̀ǹpútà wa! Kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń kó èsì ìdánwò gbogbo ọmọ sí ti fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá fò sókè bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ló bá tẹ Alhaja láago, ó fi ohùn síta kí n lè gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀ ma. Kọ̀ǹpútà ńlá yín, kò ní pẹ́ kú. Kò lè kọjá ọ̀sẹ̀ yìí."



"Àríyọ̀, ṣé o ti kírun àárọ̀?"

"Mo ti kírun ma."

"Ẹnu tí o fi kírun lo wá fi ń pe ikú wọ ilé ìwé mi? Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo rí i ni ma. A máa ń wò yín láti ibí, tọ̀sán-tòru."

Mo gbá orí mú. Tọ̀sán-tòru kẹ̀!

"Ẹ ń wò mí lóru? Àsìtàgífírúláì! Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Tí kọ̀ǹpútà yẹn bá fi lè kú, ìwọ lo pa á. Kí ẹ wá kó gbogbo ohun tí ẹ fi sílé mi kó tó dọ̀la!"

Ó pa fóònù. Ọ̀gá ń wò mí. "Wọn ò kọ́ wa ní èyí l'Ékòó."

"Ọ̀gá, ọba gan-an kì í kú nílẹ̀ yìí, ó ń wàjà ni. Kọ̀ǹpútà Alhaja lẹ wá ní ó fẹ́ kú."

Mo gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí Alhaja kú oòrùn, mo kí i kú ọmọ, mo kí i kú ìnáwó ilé tí ò tíì kọ́ tán. Ìgbà tí mo kí dé orí ewúrẹ́ ló tó wojú mi.

"Alhaja, kọ̀ǹpútà ńlá yẹn, ọdún mélòó ló ti ń sìn yín?"

"Ọdún mẹ́sàn-án. Kò já mi kulẹ̀ rí."

"Ó ti tó kó fẹ̀yìntì ma. Ẹ jẹ́ ká wá kékeré kan tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àgbà á fi gbogbo ohun tó mọ̀ hàn án, á wá lọ sinmi pẹ̀lú iyì."

Ojú Alhaja tú ká. "Bí a ṣe ṣe fún Tíṣà Ògúndèjì nígbà tó fẹ̀yìntì?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ma."

"Ẹ̀hẹ́n! Kí ló wá dé tí ọ̀gá ẹ ń túfọ̀?"

Wẹ́sìdeè la kó gbogbo èsì sínú tuntun. Tọ́sìdeè, arúgbó dákẹ́, kò tún tàn mọ́. Alhaja ní, "Ẹ rí i, ó dúró jíṣẹ́ tán. Olóòótọ́ ni." Ó din àkàrà fún gbogbo ọmọ, ó sì ní ká máa báṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n Àríyọ̀ ò gbọdọ̀ pe òun mọ́. Tí nǹkan bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, kí Waheedat wá kí òun.

Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń bọ̀ láti Ọkàká, mo ní kí n yà kí Alhaja. Ojú fèrèsé ló ti rí mi.

"Waheedat! Èwo ló tún fẹ́ fẹ̀yìntì?"

"Kò sí o, ma. Mo kàn wá kí yín ni."

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù!"