Ìrìn Màmá Nínú Géèmù

Bí Pẹ́ńpẹ́ bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, iná fúnra rẹ̀ á bẹ̀rù láti lọ. Ó kúrú débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀ lórí àga, ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe géèmù yẹn, òun ló máa ń mú èèyàn inú àwòrán rìn. Bó bá wù ú, á mú àpáta jó. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, télọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ dójú tì í.

Télọ̀ inú géèmù ni o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ran aṣọ, kó gbé e sọdá títì fún oníbàárà. Ìyá tó bí Pẹ́ńpẹ́, tí òun náà jẹ́ télọ̀, ni Pẹ́ńpẹ́ wò yà á. Ó fi fóònù ká ìrìn màmá rẹ̀ sílẹ̀, láti ìdí máṣíìnì dé ojú fèrèsé, ó sì gbé e wọ ara àwòrán náà ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀. Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ yẹn tí télọ̀ na apá méjèèjì gbọọrọ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Tí wọ́n bá ní kó máa lọ, á kàn yọ̀ lọ bí ọṣẹ lórí ilẹ̀ tútù, ẹsẹ̀ ò ní gbé.

Ọ̀gá ní tí kò bá rìn kó tó di aago mẹ́rin, òun á yọ ọ́ kúrò, òun á fi oníkẹ̀kẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an sì ni màmá wá. Ó gun àtẹ̀gùn tó ga ju òṣùpá lọ, tòun ti bàtà òde, torí ọmọ rẹ̀ ti ní kó wá wo ara rẹ̀ nínú géèmù. Ó jókòó sẹ́yìn ọmọ, ó gbé báàgì lé itan.

Pẹ́ńpẹ́ tú inú kọ̀ǹpútà. Fáìlì tí ìrìn wà nínú rẹ̀ ò sọnù. Àṣẹ tó ń pè é ò já. Ó pa gbogbo rẹ̀, ó tún tan án, ó rọ̀ ọ́ bí ẹni ń rọ ọmọ jòjòló. Pàbó. Ló bá gbé ìrìn náà wọ ara télọ̀ àtijọ́, èyí tó yà lóṣù tó kọjá. Ìyẹn rìn dáadáa.

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ìrìn ò ṣàìsàn. Ara télọ̀ ló yí padà, Pẹ́ńpẹ́ fúnra rẹ̀ ló sì yí i.

Ẹsẹ̀ òsì màmá kúrú ju tọ̀tún lọ láti kékeré. Nígbà kan, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń sín in jẹ. Pẹ́ńpẹ́ lu méje nínú wọn. Ẹnì kẹjọ ṣì ń sá lọ títí dòní. Lánàá, ó ro ti àwọn àjèjì tó máa jókòó sílé wọn gbá géèmù náà, tí wọ́n á máa fi màmá òun rẹ́rìn-ín, ló bá fún télọ̀ ní eegun tuntun, ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ eegun àtijọ́ ni ìrìn náà mọ̀. Wọ́n pààrọ̀ eegun, ìrìn ò mọ olówó orí rẹ̀ mọ́.

Màmá na ọrùn síwájú. “Ta nìyẹn?”

“Ẹ̀yin ni, Màámi.”

“Ojú mi nìyẹn lóòótọ́. Ẹsẹ̀ ta wá ni?”

Pẹ́ńpẹ́ dojú kọlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ìjà àdúgbò. Màmá ò bínú. Ó ní òun mọ̀ nípa ìjà yẹn tipẹ́. “Aṣọ tí wọ́n ń fà ya mọ́ ọ lọ́rùn, ta lo rò pé ó ń rán an?” Ó wá gbọ́wọ́ lé e léjìká. “Ẹsẹ̀ yìí ni mo fi pọ̀n ọ́, ọmọ mi. O ò ṣubú rí. Dá a padà fún mi.”

Ó dá a padà. Apá télọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ̀ sósì, ó gbéra lọ́tún, ó gbé aṣọ sọdá títì.

Ọ̀gá yọjú nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wò ó, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n ṣé kò lè yára díẹ̀, torí àwọn tó ń gbá géèmù kì í ní sùúrù. Kí Pẹ́ńpẹ́ tó lanu, màmá ti dáhùn.

“Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹni tó bá ń kánjú, kó máa lọ níwájú.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọmọ, ó ní kó tún mú òun rìn. Wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò, títí ó fi rẹ oòrùn.