Wọ́n Ní Ìyá Olórin Gbọ́dọ̀ Kú

Bàbá Dámilọ́lá, ẹ jókòó ná, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lójú oorun. A wà ní pálọ̀ màmá mi, àwọn olólùfẹ́ Délé, àbúrò mi olórin, sì kún ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ mọ orin tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀, èyí tó fi ń sunkún pé ìyá òun ti kú. Inú ń bí wọn pé màmá wà láàyè.

Ọmọbìnrin kan na ìka sójú màmá. "Ẹ̀yin ìyá yìí, ẹ ti ba orin wa jẹ́! Mo sunkún ikú yín títí ojú mi fi wú."

Màmá ní, "Má bínú, ọmọ mi."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ sàréè sáàárín pálọ̀. Wọ́n fọ́ táìlì, wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ sórí àga, wọ́n sì ń kọ orin náà lọ. Màmá fúnra rẹ̀ ló ń bu omi fún wọn mu. Nígbà tó yá, ó dùbúlẹ̀ sínú sàréè náà wò, ó ní kò gùn tó òun, wọ́n tún gbẹ́ ẹ sí i. Mo fà á lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gùn sí i, kò kúrò níbẹ̀.

Délé wọlé. Mo ní, "Délé, sọ fún wọn!"

Ọmọbìnrin yẹn bi í pé, "Ṣé ìyá yín nìyí?"

Ó wo màmá nínú ihò, ó wo àwọn tó ń ya fọ́tò rẹ̀. Ó ní, "N kò mọ̀ ọ́n rí."

Mo la ẹnu láti ṣépè fún un, igbe ara mi ló jí mi.