Ẹni Tó Mú Àlejò Gun Òkè Ìsádi

Tí ẹ bá bi Àbẹ̀bí, ìyá àgbà kan nílùú wa, léèrè ọ̀rọ̀ Òkè Ìsádi, ẹ gbàgbé ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Á máa sọ ọ́ títí ọbẹ̀ á fi jóná: ihò tí àwọn baba wa sá sí nígbà ogun, ojú omi tí kì í gbẹ, orí àpáta tí àwọn obìnrin ìlú ń sá láfún sí di òní. Abájọ tí inú rẹ̀ fi dùn lóṣù tó kọjá, nígbà tí àlejò méjì gbé ìwé àti ọ̀dà pupa dé, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ òkè náà. Ta ló tún ń béèrè ìtàn láyé ìsinsìnyí? Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ṣíwájú wọn. Ibi tó bá ti dúró sọ̀tàn ni wọ́n ń kun ọ̀dà sí. Ó rò pé kí wọ́n má baà gbàgbé ni.

Àṣé iléeṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta ló rán wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ka lẹ́tà sétí ìjọ pé lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, fífọ́ máa bẹ̀rẹ̀ níbi gbogbo tí wọ́n kun ọ̀dà sí. Kí ẹnikẹ́ni má gun òkè mọ́.

Ìpàdé ìlú gbóná. Japhet ọlọ́kadà ni wọ́n nàka sí, torí òun ló gbé àwọn àlejò náà wá láti ìlú Osi. Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀.

"Bí ukú ulé è bá pani, tòde è lè pani," Olóyè Ọládòṣù wí. Ó ní kí Japhet kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú.

Tí Àbẹ̀bí bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá Japhet jókòó síwájú rẹ̀, ó ń sunkún sínú ìborùn. Ìtìjú fẹ́ pa Àbẹ̀bí, ó sì dìde.

"Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Èmi ni mo mú wọn gòkè. Mo ṣe bí ùtàn wa ni wọ́n ń kọ."

Olóyè ò lè wojú rẹ̀. "Yèyé, ẹ jókòó. Ẹ è mọ̀."

Wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún Japhet. Bí wọ́n ṣe káàánú Àbẹ̀bí yìí dùn ún ju èébú lọ.

Japhet ò tíì lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó rọra bi í pé, "Yèyé, ojú omi ńkọ́? Ẹ è fi hàn wọ́n?" Omi yẹn ni gbogbo ìlú ń mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ibẹ̀ ni Àbẹ̀bí kọ́kọ́ mú wọn lọ. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n nígbà tí wọ́n dé, òun fúnra rẹ̀ ló sì bu omi fún wọn mu.