Aṣọ Funfun Bàlíkísù àti Omi Tó Mọ́ Lójú

Ẹ wá wo èmi arúgbó onídìí ńlá lórí àpótí, níwájú bàsíà, tí mò ń kọrin. Mo ṣe bí oore ni mò ń ṣe.

Bàlíkísù, ọmọ ọmọ mi, fẹ́ ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, wọn ò sì ní gbà á mọ́ tó bá tún já kulẹ̀. Aṣọ funfun kan ṣoṣo ló ní. Ẹni tí àbàwọ́n bá wà lára aṣọ rẹ̀ ò ní wọlé.

Ìpẹtà wà nínú omi bóòhòlù ilé wa ní Mushin. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, á mọ́ lóló. Tó bá pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀mù, á pọ́n. Bàlíkísù máa ń jẹ́ kó sùn kí ìpẹtà lè lọ sísàlẹ̀, á wá rọra bu òkè rẹ̀ fọ aṣọ. Omi ìfọṣọ yẹn la tún fi ń fọ ilẹ̀, tá a fi ń da ilé ìyàgbẹ́.

Ó ní òun á fọ aṣọ náà tóun bá ti ọjà Tejúoṣó dé. Mo ní kó jẹ́ n fọ̀ ọ́, kó lè ráyè kàwé. Mo ki ọwọ́ bọ dúrọ́ọ̀mù, ìpẹtà ìsàlẹ̀ rú, omi àná pọ́n. Ẹ̀gbin! Mo gbọ́n ọn dà sílé ìyàgbẹ́. Iná dé, mo pọn omi tuntun, mo ki aṣọ bọ̀ ọ́, mo da bílíìsì sí i yàà kó lè funfun. Aṣọ di àwọ̀ àkàrà. Mo tún bu bílíìsì sí i, ó tún pọ́n sí i.

Bàlíkísù wọlé. "Màmá! Bílíìsì ló ń fa ìpẹtà inú omi yọ sára aṣọ!"

"Omi yẹn mọ́ ju ojú mi lọ, ọkọ mi."

"Ojú yín dà ńbẹ̀?"

A fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i títí, ó ṣì rí rúsúrúsú. Ó sáré lọ yá ti Purity, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Yaba. Aṣọ ọ̀hún ò gba ìdí ẹ̀ kọjá.

"Ìdí mi lo jogún," mo ní. "Bá mi bẹ ìdí ọ̀hún kó sunkì díẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀, ó wọ aṣọ rúsúrúsú lọ. Ẹ̀kọ mi ò tíì hó tó fi padà.

"Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, Màmá."

Ó bọ́ aṣọ náà, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Mo wá àpárá kan títí, mi ò rí. Mo kàn jókòó tì í.