Ta Ló Fọ Fèrèsé Mi?

"Ta ló fọ̀ ọ́? Mo ní, ta ló fọ fèrèsé mi?"

"Èmi ni. Ṣé mo jalè ni?"

Mọ́mì ò tiẹ̀ wojú mi. Wọ́n jókòó lórí dẹ́ẹ̀kì ẹ̀yìnkùlé wa ní Snellville, lẹ́bàá Atlanta, wọ́n ń mu tíì, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí á kí òun kú iṣẹ́. Fèrèsé mi fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó mọ́ tónítóní, ó ń kán omi. Kò sí nǹkan kan lára ẹ̀ mọ́.

"Mọ́mì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe é!"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lo fi kó ìdọ̀tí jọ, ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi fọ̀ ọ́. Ta ló mọṣẹ́ jù nínú àwa méjèèjì?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tí wọ́n fọ̀. Mo rí fèrèsé onígi yẹn níwájú ilé kan tí wọ́n ń tún ṣe. Gíláàsì ẹ̀ ò fọ́, mo gbé e. Ara gíláàsì yẹn ni mo wá ń lẹ gbogbo nǹkan tí mo bá ṣà mọ́. Dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò tó já sílẹ̀ létí títì, òun ni oòrùn. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rìnlá tí kò ṣí ilẹ̀kùn kankan mọ́, àwọn ni ewé. Ìtẹ́ ẹyẹ kan tí atẹ́gùn gbé ṣubú. Bọ́tìnnì kóòtù sì ni òdòdó: ti ọkọ Ìyá Edith ni, arúgbó obìnrin ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún tí mo máa ń wẹ̀ níbi iṣẹ́ mi, nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ó ní kí n máa kó wọn lọ, pé ibi tí ọkọ òun wà báyìí, wọn kì í de bọ́tìnnì níbẹ̀.

Ìgbà ìrúwé ni mo ń ṣe. Ẹni tó bá sì ń gbé Atlanta mọ̀ pé kì í ṣe òdòdó ni ìrúwé níbí. Pollen ni, eruku yẹ́lò tí igi páìnì ń dà sórí mọ́tò, sórí àtẹ̀gùn, sínú imú. Mo fi gọ́ọ̀mù pa gíláàsì náà, mo gbé e síta fún ọjọ́ mẹ́ta kí pollen fúnra ẹ̀ wá bà lé e. Ó sì bà lé e. Nígbà tí mo ń lọ síbi iṣẹ́ lánàá, mo kọ́kọ́ dúró, mò ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Mi ò rántí Mọ́mì. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti dé láti Ìwó, bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, ìgbálẹ̀ ló kàn. Ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fi ìró wé sínú àpótí wá láti ilé, tí àwọn kọ́sítọ̀ọ̀mù ń gbé sókè gbé sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú. Vacuum mi ò jọ wọ́n lójú; wọ́n ní ariwo ẹ̀ ju iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Lójú tiwọn, ilé tí wọn ò bá tíì gbá kí àlejò tó kanlẹ̀kùn, ilé tí kò ní ìyá ni. Láàárọ̀ yìí, wọ́n gbálẹ̀ tán, wọ́n kan fèrèsé mi, wọ́n lọ gbé omi gbígbóná àti kànìnkànìn. Òjò tó rọ̀ ní aago méje sì bá wọn fọ ìyókù àdúgbò.

"Níbo làwọn nǹkan ara ẹ̀ wà?"

"Mo tò wọ́n." Wọ́n nawọ́ sí tíréè kan. Àwọn kọ́kọ́rọ́ mi tò láti orí èyí tó ga jù dé orí èyí tó kúrú jù, bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Bọ́tìnnì wà nínú agolo mílíìkì.

"Ìtẹ́ ẹyẹ ńkọ́?"

"Mo dá a padà sórí igi. Ẹyẹ ló ni ín."

Fọlábí, ọkọ mi, yọjú. "Ẹ káàárọ̀ mà. Kí ló dé?"

"Bi ìyàwó ẹ tó ń sin ààtàn."

Ó wò mí, ó wo Mọ́mì, ó padà sínú ilé. Ọkùnrin tó gbọ́n.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mi ò sunkún o.

"Kí ló ń ṣe ẹ́ lójú?"

"Pollen ni."

"Pollen wo? Ṣebí o ní mo ti fọ gbogbo ẹ̀."

Ni mo bá tú u sọ. Mo ní bí aago mẹ́rin òní bá ti lù, wọn ò ní gba iṣẹ́ mọ́ fún àfihàn ìrúwé ní ilé ìkàwé. Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ̀ mí, torí mi ò lọ sílé ẹ̀kọ́ ọnà kankan, ọwọ́ mi ló kọ́ mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí ni. Wọ́n máa gbé e kọ́ sára ògiri, wọ́n á lẹ káàdì sábẹ́ ẹ̀, orúkọ ẹni tó ṣe é á wà níbẹ̀ kí gbogbo ayé kà á.

Mọ́mì gbé ife sílẹ̀. "Orúkọ?"

"Orúkọ."

"Kí ló dé tí o ò tètè sọ pé ọ̀rọ̀ orúkọ ni?"

Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n gbé ìgbálẹ̀ wọn jáde. "Gbogbo nǹkan ni mo fọ̀ nílé yìí. Èyí nìkan ni mi ò fọ̀. Ta ló ń fọ ìgbálẹ̀?" Wọ́n gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Èéfín yẹ́lò sọ! Pollen ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láti ṣóńṣó dé ìdí.

"Mọ́mì, ìgbálẹ̀ yín mà nìyẹn."

"Mo ní tìẹ ni?" Wọ́n ti ń tú okùn ìdí ẹ̀. Láti kékeré, mi ò rí i rí kí ìyá mi tú ìgbálẹ̀.

Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe télọ̀. Wọ́n ki òwú bọ abẹ́rẹ́, wọ́n ń rán bọ́tìnnì ọkọ Ìyá Edith mọ́ ṣóńṣó ẹyọ ìgbálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi ń tò wọ́n sínú gọ́ọ̀mù, mò ń gbọn pollen lé wọn lórí. Ẹnu ò sinmi.

"Oòrùn wo ló ń wà nísàlẹ̀?"

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi."

"Ṣe é. Ta ló dì ẹ́ lọ́wọ́ mú?"

Mo yíjú báyìí, wọ́n ti gbé oòrùn sókè. Ó dára jù lókè. Mi ò sọ fún wọn.

Fọlábí fi mọ́tò gbé wa gba ọ̀nà 78 lọ sí ilé ìkàwé. Ẹ̀yìn ni Mọ́mì jókòó sí, fèrèsé lórí itan wọn. "Rọra, ọkọ wa, ọmọ tuntun wà lẹ́yìn." Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ la dé. Joanna, obìnrin tó ń gba iṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ wo gíláàsì náà. Ó bi mí pé irú koríko wo nìyí. Mo ní ìgbálẹ̀ ìyá mi ni. Ó fọwọ́ kan àyà, ó fún mi ní káàdì àti bírò.

Mo kọ orúkọ mi. Mo ronú díẹ̀, mo kọ sábẹ́ ẹ̀: *àti Sururat, ìyá rẹ̀*. Mo gbé e fún wọn, mò ń retí àdúrà.

Mọ́mì wọ awò ojú, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Èmi ló wà nísàlẹ̀ yìí?"

"Mọ́mì, iṣẹ́ mi ni! Gbogbo nǹkan ara ẹ̀, ṣebí èmi ni mo ṣà wọ́n."

"Òótọ́ ni. Ojú títì lo ti ṣa gbogbo wọn." Wọ́n ti káàdì padà sí mi lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n èmi ò ṣà ẹ́ lójú títì, Oyèrónkẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi rọbí ẹ. Gba káàdì tuntun, kí o tún un kọ."